Oboe ni, Bassoon ni, àbí Algaita? Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Fèrè Oníríìdì Méjì ní Abuja

Àwọn tó fẹ́ kọ́ oboe tàbí bassoon, fèrè òyìnbó méjì, ní Abuja sábà máa ń ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ nínú fíìmù tàbí lórí YouTube, ó wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Kò burú kí ènìyàn ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ló ń mú kí wọ́n pa á tì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ríìdì (abala tí ẹnu ń fẹ́ kí ohùn tó jáde) tó bàjẹ́ tí kò sí òmíràn nílé, igi tó là lásìkò ọyẹ́, kíì (irin tí ìka ń tẹ̀) tó yẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe nítòsí: àwọn wọ̀nyí ló ń dá ènìyàn dúró. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ríìdì á ti máa wá àti ẹni tí á máa kọ́ yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ jẹ́ kí ohùn bá yín yan èyí tó kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ àwọn tó wà nínú ẹbí náà

Ohun tó so àwọn fèrè wọ̀nyí pọ̀ ni ríìdì wọn: abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, tí wọ́n fi òwú dì pọ̀. Ti oboe àti bassoon, ara irúgbìn kan tó jọ ọparun, Arundo donax, ni wọ́n ti ń gé e. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí àárín abala méjèèjì, wọ́n á máa ṣí, wọ́n á máa pa dé, wọ́n á máa gbọ̀n, ohùn á sì jáde. Clarinet àti saxophone ní ríìdì kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ ẹnu-fèrè. Níhìn-ín kò sí ẹnu-fèrè rárá, ètè yín ló máa di ríìdì oboe àti ti bassoon mú.

Oboe ló wọ́pọ̀ jù. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 lọ, ó pín sí apá mẹ́ta, ó sì wọnú báàgì kékeré. Ohùn rẹ̀ tó wálẹ̀ jù ni B flat tó wà lábẹ́ C àárín dùùrù. Òun ni ọ́kẹ́sítírà máa ń gba ohùn A lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin.

Bassoon ni ohùn ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó tán, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 134, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ ṣẹ́rí padà ní ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gígùn ihò náà fi tó nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀. Ó wúwo tó kílò mẹ́ta, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi maple ni wọ́n sábà fi ń ṣe é.

Cor anglais jẹ́ ẹ̀gbọ́n oboe: bí a ṣe ń tẹ oboe náà la ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ohùn márùn-ún ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó sì fẹ́ràn rẹ̀, kó lọ kọ́ oboe. Tó bá di ọdún kẹta, kó wá yá cor anglais. Ẹ má fi òun bẹ̀rẹ̀. Oboe d'amore àti contrabassoon, tí wọ́n jẹ́ ìbátan oboe àti bassoon, kò sí nínú ọ̀rọ̀ olùbẹ̀rẹ̀.

Algaita ni ti ilẹ̀ àríwá níbí gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa àti Kanuri. A ó padà sórí rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ kò jọ ti ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ibi tí ẹ ti máa fọn ún

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n fọn, àárín ta ni màá jókòó sí?

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń wá fèrè yìí ní Abuja, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni wọ́n ti ń wá. Bí ìjọ yín bá ń kọ orin inú ìwé orin ní ohùn mẹ́rin, tí wọ́n sì ń kọ orin ńlá ní àsìkò Kérésìmesì, méjèèjì wúlò. Oboe lè gba ìlà soprano tàbí alto, bassoon á gba ti bass tàbí tenor. Àǹfààní ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníkàkàkí òyìnbó àti onísaxophone kò ní: bí wọ́n ṣe kọ ohùn sínú ìwé ni oboe àti bassoon ṣe ń sọ ọ́. Ẹ kò ní láti yí ohùn padà kí ẹ tó bá dùùrù lọ. Ẹ ṣí ìwé orin, ẹ fọn ìlà tó jẹ́ tiyín, ó parí.

Ṣùgbọ́n bí ìjọ yín bá jẹ́ ti ìlù, jìtá béèsì àti gbohùngbohùn ńlá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bassoon á rì síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ àyàfi tí ẹ bá gbé máìkì sí i, ibi tó sì yẹ kí máìkì wà kò rọrùn torí pé gbogbo ara bassoon ni ohùn ti ń jáde, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan. Oboe á là á já, àmọ́ saxophone á wúlò fún wọn jù ú lọ. Ẹ má tìtorí pé ó ṣọ̀wọ́n ra ohun tí kò ní ní iṣẹ́.

Ẹni tó mọ sol-fa nìkan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé orin onílà márùn-ún ni gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ fèrè wọ̀nyí. Oboe ń ka treble clef (àmì ohùn òkè) nìkan. Bassoon ń ka bass clef (àmì ohùn ìsàlẹ̀), tó bá sì yá, tenor clef á wọlé. Bí ẹ bá ti ń kọ bass tàbí tẹ dùùrù tẹ́lẹ̀, ojú yín ti mọ bass clef díẹ̀. Ìdánwò ABRSM, ti ilé ìdánwò orin Gẹ̀ẹ́sì, wà fún méjèèjì, láti Grade 1 dé 8, bí ẹ bá ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Nyanya tàbí Mararaba, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín òun àti ẹlòmíràn, kó rántí pé ohùn oboe mú, ó sì ń wọ inú ògiri lọ. Ti bassoon rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Algaita, ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dán ara yín wò kí ẹ tó náwó

Ọwọ́. Orí bassoon, ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì ń dí ihò tó jìnnà síra, nígbà tí àtàńpàkò ọwọ́ náà ń bójú tó kíì bíi mẹ́sàn-án. Ẹ yá bassoon, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ gbé ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e. Bí ìka kẹta kò bá dí ihò rẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ á máa jò níbẹ̀, gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní dáhùn. Àwọn tó ń ṣe fèrè mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní irú èyí tí ọwọ́ kékeré lè ká: Renard 222 ti ilé iṣẹ́ Fox jẹ́ ọ̀kan. Bassoon kékeré wà fún ọmọdé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí nílẹ̀ yìí. Fún oboe, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tí eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà lè bẹ̀rẹ̀. Fún bassoon ńlá, ẹ jẹ́ kó tó ọdún méjìlá kí ọwọ́ rẹ̀ lè ká a.

Ètè. Lórí méjèèjì, ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ á ká bo eyín díẹ̀, ríìdì á wá jókòó sórí ètè, kò gbọ́dọ̀ kan eyín. Oboe ń béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ iṣan ẹnu torí pé ihò ríìdì rẹ̀ kéré. Ti bassoon fẹ̀, ètè á sinmi lé e, àgbọ̀n á sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tí ẹnu ń tètè rẹ̀ yóò gbádùn bassoon jù.

Èémí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń ṣi oboe mọ̀. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ á tán nínú wọn. Òdìkejì rẹ̀ ni: ihò náà kéré débi pé afẹ́fẹ́ tí ẹ mí sínú kò rí ọ̀nà jáde tán, ó ti dẹ́gbin nínú ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ tó fọn ìlà kan parí, orí á sì máa fò lọ. Oníoboe gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń mí síta kó tó tún mí sínú. Bassoon ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù, àmọ́ kò ní ìtì (bí fèrè ṣe ń ti èémí padà) tó bẹ́ẹ̀. Ìtì yìí máa ń ti agbára sínú orí àti ojú, nítorí náà ẹni tó ní glaucoma tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yan oboe.

Ìdánwò tó rọrùn jù, tó sì wọ́n kéré jù: ẹ ra ríìdì kan ti oboe, kan ti bassoon, kí ẹ rẹ wọ́n sínú omi, kí ẹ fi ètè dì wọ́n mú, kí ẹ fọn wọ́n láìsí fèrè lẹ́nu wọn. Ẹ gbìyànjú kí ohùn kan náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 20 láìgbọ̀n. Èyí tó bá dúró lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò fi wú, òun ni ẹnu yín gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ríìdì, tó jẹ́ ìdajì iṣẹ́

Fèrè tó dára pẹ̀lú ríìdì burúkú, ohùn burúkú ló máa mú jáde. Fèrè tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára tó rí ríìdì gidi máa ń ṣe é fọn. Ẹ má retí pé ẹ ó rí ríìdì oboe ní ilé ìtajà ohun èlò orin ní Wuse tàbí Garki bí ẹ ṣe ń rí ti saxophone. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á, tàbí lọ́wọ́ olùkọ́, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má ra fèrè kí ẹ tó ra ríìdì mẹ́rin: mẹ́ta tí ẹ ó máa yí kiri, ọ̀kan tí ẹ ó fi pamọ́.

Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ medium-soft sí lára. Èyí tó le jù, ètè á máa fún un, ohùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tó rọ̀ jù á tètè pa dé bí ẹ bá ti fi agbára fọn. Fún oboe, ẹ bi olùkọ́ bóyá bí wọ́n ṣe ń fá a ní Amẹ́ríkà ló ń lò, tàbí bí wọ́n ṣe ń fá a ní Yúróòpù. Ti Amẹ́ríkà gùn ní ojú ibi tí wọ́n fá, ti Yúróòpù kúrú. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀kan kì í sábà mọ̀ bí a ṣe ń tún èkejì ṣe.

Bí a ṣe ń rẹ ẹ́: ẹ wá ìgò kékeré kan, kí ẹ bu omi tútù tó mọ́ sínú rẹ̀. Ríìdì oboe á wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, kí omi kan ojú igi nìkan, kó má bo òwú. Ti bassoon, ẹ rì í gbogbo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là jù, yóò wúwo láti fọn. Ẹ má fi itọ́ nìkan rẹ ẹ́, ẹ sì fi omi ṣan ẹnu kí ẹ tó fọn ún: oúnjẹ tó wà nínú itọ́ ń dí ojú igi náà, ó ń pa á láìtọ́jọ́.

Lẹ́yìn rírẹ, ẹ gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ ki ríìdì nìkan sí ẹnu jìnnà ju bí ẹ ṣe ń fọn lọ, kí ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Ríìdì oboe tó dára á ké ní ohùn C tàbí nítòsí rẹ̀. Áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù á fi hàn yín. Ti bassoon á ké nítòsí F, igbe rẹ̀ á sì ní ohùn púpọ̀ tó ń ha nínú ara wọn. Bí kò bá dáhùn rárá, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa jò. Ẹ fi ìka dí ìdí ríìdì, kí ẹ fẹ́ ẹ. Bí omi bá ń hó ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí abala méjèèjì ti pàdé, ẹ fi tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń wé mọ́ páìpù wé e lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìsàlẹ̀, lókè òwú, níbi tí ètè kò ní dé. Tépù yìí wà ní ọjà páìpù gbogbo.

Ríìdì bassoon ní wáyà lára, òun ló sì jẹ́ kó rọrùn fún olùbẹ̀rẹ̀ láti tún un ṣe. Ẹ rẹ ẹ́ ná. Wáyà tó súnmọ́ ẹnu rẹ̀ jù: bí ẹ bá fi pílíásì kékeré tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹnu ríìdì á là sí i, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè àti ìsàlẹ̀, ẹnu á pa dé sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ríìdì oboe kò fún yín láyè bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní wáyà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ẹni tí kò bá kọ́ ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ olùkọ́ á kàn ba ríìdì rẹ̀ jẹ́ ni.

Ẹni tó ń fọn lójoojúmọ́, ríìdì oboe kan kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ti bassoon ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí ọdún kan kí ẹ mọ iye tó máa ná yín, torí owó ríìdì oboe lè pọ̀ ju owó olùkọ́ lọ. Ilé iṣẹ́ Légère ń ṣe ríìdì oníke fún oboe àti bassoon. Kò nílò rírẹ, ọyẹ́ kò sì ń ṣe é ní nǹkan, àmọ́ owó rẹ̀ jìnnà sí ti igi. Fún ẹni tó wà níbi tí ríìdì kò ti ń tètè dé, ó yẹ kí ọ̀kan wà nínú àpótí.

Ẹ má fi ríìdì sínú ike tí ẹ dé pa. Lójò, èbu á hù sí i. Àpótí tó ní ihò fún afẹ́fẹ́ ló dára.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fèrè fúnra rẹ̀, àti ọyẹ́ tó ń dúró dè é

Fún ẹni tó máa lo oboe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Abuja, Kaduna tàbí Kano, èrò wa kò pé méjì: ẹ ra ti ike tàbí èyí tí apá òkè rẹ̀ jẹ́ ike. Láti November títí wọ February, ọyẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ gbẹ. Bí ẹ bá ń fọn, èémí yín á mú inú igi gbóná, á sì mú un tutù fún omi, inú á fẹ́ wú. Ìta igi sì ti gbẹ, ó fẹ́ súnkì. Igi á là. Apá òkè ló máa ń là jù, níbi àwọn ihò kéékèèké tí ògiri igi ti fẹ́lẹ́. Grenadilla, igi dúdú ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó oboe. Ìlú Tanzania àti Mozambique ló ti ń wá jù. Pé ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà kò ní kó má là lọ́wọ́ ọyẹ́ wa. Ilé iṣẹ́ Buffet ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Greenline, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi náà ṣe, òun kì í là bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra onígi ṣáá, ìlànà rẹ̀ nìyí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fọn ún ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ lójúmọ́, kí ẹ wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Láràárọ̀ ọyẹ́, ẹ fi ọwọ́ tàbí abíyá mú apá òkè gbóná láti ìta kí èémí tó wọ̀ ọ́. Ẹ fa aṣọ ìnu sílíìkì gba inú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sinmi. Ẹ má gbé e sí iwájú AC tàbí fáànù. Ẹ fi ohun tó ń pa ọ̀rinrin mọ́ sínú àpótí rẹ̀, kó máa wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bassoon kò ní ìṣòro lílà bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Tirẹ̀ ni jíjẹrà. Omi ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ihò ti ṣẹ́rí, bí wọn kò bá máa dà á nù tí wọn kò sì nù ún, igi ibẹ̀ á rọ̀. Fox ń ṣe bassoon oníke pẹ̀lú.

Ẹ má fi èyíkéyìí sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ní oṣù kẹta. Ooru Abuja á yọ́ gọ́ọ̀mù tó di páàdì abẹ́ àwọn kíì mú, gbogbo wọn á máa jò.

Ní ti owó: oboe ọmọléèwé tuntun láti ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ ń lọ ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là, bassoon sábà máa ń wọ́n jù ú lọ dáadáa. Torí ìdí èyí, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ á rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ mú apá òkè oboe, ẹ fi ìka dí gbogbo ihò rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde láti òkè. Bí ẹ bá yọ ẹnu, ó yẹ kó di ìka mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá dì í mú, ó ń jò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá ìsàlẹ̀ náà, àti fún apá tó ní ihò ìka mẹ́ta lára bassoon.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ara igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ihò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ gbọọrọ pẹ̀lú ojú igi lè jẹ́ ibi tó là tí wọ́n lẹ̀ padà. Lára bassoon, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ fi èékánná tẹ igi. Òórùn èbu tàbí igi tó rọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ béèrè kíì tó wà lára oboe náà. Ẹ fẹ́ èyí tó ní low B flat àti F ọwọ́ òsì. Láìsí F ọwọ́ òsì yìí, ẹ ó máa lo F onífọ́ọ̀kì (ọ̀nà míì tí a ń gbà tẹ F) nígbà gbogbo tí ìka bá pàdé ara wọn, ohùn rẹ̀ kò sì mọ́ bíi ti F gidi. Èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì wá lè jẹ́ thumbplate, níbi tí àtàńpàkò òsì ti ń kúrò lórí àwo kan fún B flat àti C. Kò burú, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ètò kíì Conservatoire tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Kí tiyín àti ti olùkọ́ bára mu.

Bassoon náà ní irú méjì: ti Jámánì tí wọ́n ń pè ní Heckel, àti ti Faransé. Ti Jámánì ni kí ẹ rà, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ti Faransé ta yín lọ́rẹ.

Ẹ fọn A, kí áàpù wọ̀n ọ́n. Kí ó wà nítòsí 440 Hz. Àwọn fèrè àtijọ́ kan ti ẹgbẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, tí HP (high pitch, ohùn gíga) wà lára wọn, ga ju bẹ́ẹ̀ lọ débi pé kò sí ríìdì tó lè mú wọn bá dùùrù mu. Ara ògiri ni wọ́n dára fún.

Bocal bassoon, páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ríìdì ń wọ̀, kò gbọ́dọ̀ ní ojú ibi tó wọnú tàbí tó ṣẹ́. Bí kò bá sí nínú àpótí, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san, torí bocal gidi wọ́n.

Àwọn sùkúrúù kéékèèké tó wà lára kíì oboe kì í ṣe láti dè é mọ́. Wọ́n fi ń wọn bí kíì kan ṣe ń ti èkejì sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá yí wọn gbogbo di dan-in ti ba fèrè náà jẹ́. Atúnṣe saxophone tó mọ iṣẹ́ lè pààrọ̀ páàdì àti kọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti fọwọ́ kan oboe rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ó bá jẹ́ algaita lẹ fẹ́

Algaita jẹ́ igi tó ṣófo, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, awọ ni wọ́n sábà fi bò ó. Ihò ìka rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò ní kíì kankan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè tí ríìdì ń wọ̀, pẹ̀lú àwo róbótó tí ètè máa sinmi lé. Gbogbo ríìdì ló ń wọnú ẹnu, ètè kò dì í mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á máa jáde nígbà tí imú ń mí sínú, ohùn kì í fi bẹ́ẹ̀ já. Ohun tí olùkọ́ oboe máa bá yín wí lé lórí, ìyẹn ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, ni algaita ń fẹ́.

Nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ẹnu mọ ọ̀kan fún ọdún kan ó kéré tán.

Kò sí ìwé Grade fún algaita. Ní ààfin àwọn ọba bíi Kano, Katsina àti Zaria, ó ń bá kàkàkí àti ìlù rìn, ní Sallah àti nígbà ìgẹṣin, iṣẹ́ ìdílé sì ni fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fọn ún. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ lọ jókòó ti ọ̀gá kan. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n lọ, ẹ gbọ́ Hausa tó tó ìkíni àti ìbéèrè ó kéré tán, ẹ mú nǹkan lọ́wọ́, ẹ má sì tan fóònù láti gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà yín láyè. Orin ibẹ̀ ń ki ènìyàn bí ìlù dùndún ṣe ń kì í, ẹni tí wọ́n fọn án fún ló ni ín. Ẹ má gbé e lọ fọn níbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn ní Lugbe.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ èémí yípo: ẹ pọn omi sẹ́nu, kí ẹ máa tu ú jáde tẹ́ẹ́rẹ́ láìdúró nígbà tí ẹ ń mí ní imú. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ife omi, kí hóhó rẹ̀ má dáwọ́ dúró. Ìgbà náà ni kí ẹ wá mú ríìdì.

Ìgbésẹ̀ keje: Olùkọ́ àti oṣù àkọ́kọ́

Bí kò bá sí olùkọ́ oboe nítòsí, ẹ lè gba ẹ̀kọ́ lórí fídíò, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n rí yín lójúkojú ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, torí ètè tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ burúkú ṣòro láti tún ṣe. Ẹgbẹ́ olórin ológun àti ti ọlọ́pàá, àti ẹ̀ka orin ní yunifásítì, ni ibi tí ẹ lè béèrè sí.

Bí ẹ bá ń to oboe, ẹ má di kíì mú gírígírí. Ẹ fi ọwọ́ mú igi níbi tí kò sí ohun tó lè tẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì wọlé. Bassoon: apá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dúró, lẹ́yìn náà apá oníhò mẹ́ta, apá gígùn, orí, bocal sì ni ìkẹyìn. Bí ẹ bá ń tú u, bocal ló ń kọ́kọ́ kúrò. Ẹ di bocal mú nítòsí kọ́ọ̀kì rẹ̀, kí ẹ má fi ibi tó tẹ̀ ṣe ọwọ́, á ṣẹ́. Bassoon ń fẹ́ bẹ́líìtì tí ẹ máa jókòó lé, kí àtàńpàkò má gbé ẹrù.

Lórí oboe, B, A àti G ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan. Lórí bassoon, F tí ìka kankan kò tẹ̀, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀: E, D, C. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà mẹ́ta lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, torí ẹnu tó ti rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín dì í mú. Bí ohùn bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fọn, ètè ló ń fún ríìdì, ẹ sinmi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo nǹkan méjì péré. Ṣé ohùn kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìyẹ̀? Ṣé àtàńpàkò tàbí ìka ń ro yín títí di ọjọ́ kejì? Ẹni tí ohùn rẹ̀ dúró tí ọwọ́ sì ń ro ó lórí bassoon, kó gbìyànjú oboe. Ẹni tí ọwọ́ kò ro àmọ́ tí ètè kò gbà á lórí oboe, kó lọ sórí bassoon kó tó ra ríìdì míì.